Láti Orí Ìpolówó Dé Inú Kíláàsì: Bí A Ṣe Ń To Ọ̀nà Ìtajà Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Télọ̀ kan tó mọṣẹ́ dunjú gbé ìpolówó sórí Facebook: "Ẹ wá kọ́ ìró àti bùbá láti ilé yín, 25,000 náírà péré." Àwọn èèyàn tẹ "like" lóríṣiríṣi. Àwọn kan béèrè pé "Eélòó ni?", bẹ́ẹ̀ iye rẹ̀ wà níbẹ̀ gbàgàdà. Àwọn mìíràn ní àwọn ń bọ̀. Oṣù parí, kò sẹ́ni tó sanwó. Ọ̀gá ní kò sówó nílùú.

Lóòótọ́, owó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Kó tó tọwọ́ bàpò, ó ti rí aṣọ tí wọ́n rán tán tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, ó ti rí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nídìí máṣíìnì, ó sì lè bi aládùúgbò bóyá ọ̀gá náà ṣeé finú tán. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ògiri, kò sì ní aládùúgbò. Gbogbo iyèméjì tí ṣọ́ọ̀bù máa ń mú kúrò lọ́kàn oníbàárà láìsọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mú un kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dárúkọ owó ńlá. Ètò tí a fi ń ṣe é ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ẹnu gbòòrò, ìdí tín-ín-rín

Àwọn onípolówó máa ń fi ètò yìí wé àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé, díẹ̀ ló ń dé ìsàlẹ̀. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ará Amẹ́ríkà kan, Elias St. Elmo Lewis, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó là á sílẹ̀ ní 1898 pé ìpele 4 ni oníbàárà ń gbà kọjá: á kíyè sí ọjà, á fẹ́ mọ̀ sí i, ọjà á wù ú, lẹ́yìn náà ni yóò rà á.

Bí a ṣe ń bá ẹni tó wà ní ìpele kìíní sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bí a ṣe ń bá ẹni tó ti dé ìkẹrin sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni télọ̀ wa ti ṣìnà: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i ló ń béèrè 25,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìpolówó: ẹni kan ṣoṣo ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpolówó tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ kì í ta ẹnikẹ́ni jí. "Ẹ wá kọ́ṣẹ́ ọwọ́" kò mú ọ̀rọ̀ kankan dání. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ránṣọ, àmọ́ tí ọrùn bùbá yín máa ń ṣí jù, fídíò yìí wà fún yín": ẹni tó ń jìyà rẹ̀ á dúró.

Ní ìpele yìí, ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ni kí ìpolówó béèrè: kí ẹni náà tẹ lìǹkì, kó ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kó gba fídíò ọ̀fẹ́.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: kó tán ìṣòro kan

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ wà lọ́kàn oníbàárà ni pé, "Ṣé ẹni yìí tilẹ̀ mọṣẹ́?" Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló ń dáhùn rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi wákàtí kan sọ ìtàn ayé wọn, kí wọ́n wá ní àṣírí yòókù wà nínú kíláàsì olówó. Dátà èèyàn ti jóná, kò sì rí nǹkan mú lọ.

Ẹ mú ìṣòro kékeré kan, kí ẹ yanjú rẹ̀ tán pátápátá. Nínú fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, télọ̀ wa lè mú àgékù àǹkárá, kó ṣẹ́ ẹ po, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọrùn ẹ̀yìn àti ti iwájú, kó ṣàlàyé pé ti ẹ̀yìn kì í jìn tó ti iwájú. Kó gé e kéré ná, kó gbé e lé èjìká, kó wò ó, kó tó gé kún un, nítorí aṣọ tí a bá ti gé jù kò ṣeé dá padà. Ẹni tó bá wo èyí, tó sì lọ gbìyànjú rẹ̀ nílé tó bọ́ sí i, kò tún ní béèrè bóyá ọ̀gá mọṣẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọnù

Púpọ̀ nínú àwọn tó wo fídíò kò ní ra nǹkan lọ́jọ́ náà. Ẹ nílò ọ̀nà tí ẹ ó fi máa kàn sí wọn. WhatsApp ló yá ọ̀pọ̀ wa lára, àmọ́ ó ní ìlànà tirẹ̀. Sítátọ́ọ̀sì ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Àkójọ broadcast kan kò gbà ju nọ́ńbà 256 lọ, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi fídíò ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi nọ́ńbà yín pamọ́. Ẹ gba ìmeèlì wọn pẹ̀lú, torí ọjọ́ tí WhatsApp bá ti àkáǹtì yín pa, ẹ ṣì máa rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Lábẹ́ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023, ẹni tó gbà lánàá pé kí ẹ máa kọ̀wé sí òun lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò fẹ́ mọ́ lónìí. Ẹ má ra nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣàdédé kó èèyàn sínú gúrúùpù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ 3 tàbí 4 tó: ẹ bi wọ́n bí ọrùn bùbá ṣe rí, ẹ fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan hàn, tó bá fọwọ́ sí i, ẹ dáhùn ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n, bíi iná tí kì í dúró àti àìráyè ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dárúkọ ọjà.

Ọjà kékeré ṣáájú kíláàsì ńlá

Ìbéèrè kejì ni pé, "Tí mo bá sanwó, ṣé màá rí ohun tí mo san án fún?" Ọjà kékeré ló ń yanjú ìyẹn. Télọ̀ wa lè ta pátáànì bùbá fún oríṣi ìwọ̀n mélòó kan, pẹ̀lú fídíò tó ṣàlàyé rẹ̀, ní 2,000 náírà. Ẹni tó bá san 2,000, tí ọjà sì dé ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rù 25,000 kò ní bà á mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ọ̀nà ìsanwó fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bí orúkọ iléeṣẹ́ bá wà lórí ìpolówó, tí orúkọ ẹlòmíràn jáde nínú àkáǹtì, oníbàárà á fà sẹ́yìn. Ẹ forúkọ okòwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kí ẹ fi ṣí àkáǹtì. Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2015, ń gba káàdì àti owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti báńkì. Selar wà fún àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ àti ìwé orí ẹ̀rọ. Ó ń gba pọ́ùn àti dọ́là pẹ̀lú, èyí tó dára fún ọmọ wa tó wà ní London tó fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ bá kọ. Ẹ má kọ irú èyí: "Àyè 3 ló kù", tó ti ń kù láti oṣù kẹta; "150,000 ni tẹ́lẹ̀, 10,000 ni lónìí", tí ẹnikẹ́ni kò sì san 150,000 rí; "Ẹ ó máa pa ìdajì mílíọ̀nù lóṣù". Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, kò fàyè gba irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ìtànjẹ lórí ọjà. Ẹ sọ iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀kọ́ máa gbà, irinṣẹ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní, irú ẹni tí kíláàsì náà kò bá mu, àti bí ẹ ṣe ń dá owó padà.

Ẹ ṣírò rẹ̀

Ká sọ pé 30,000 náírà lẹ fi polówó. Èèyàn 300 tẹ lìǹkì, 90 ránṣẹ́, 45 wo fídíò, 15 ra pátáànì, 5 wọ kíláàsì. Pátáànì ti dá 30,000 ìpolówó padà. Kíláàsì mú 125,000 wọlé.

Ibo lẹ ó tún ṣe? Ìdajì àwọn tó ránṣẹ́ ni kò wo fídíò. Bóyá ó wúwo jù fún dátà wọn, bóyá ẹ pẹ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá tún ibẹ̀ ṣe tí 60 èèyàn wò ó, tí ìyókù sì rí bó ṣe wà, 20 á ra pátáànì, ẹni 6 tàbí 7 á wọ kíláàsì, láìfi kọ́bọ̀ kún owó ìpolówó. Ẹni tí kò bá ṣírò á kàn máa da owó sí ìpolówó ṣáá.

Owó wọlé tán, iṣẹ́ kò tíì parí

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti parí. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì yẹ àwọn ẹ̀kọ́ tí yunifásítì Harvard àti MIT gbé sórí ìkànnì ẹ̀kọ́ edX wò, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé nínú èèyàn 100 tó forúkọ sílẹ̀ ní 2017 sí 2018, nǹkan bíi 3 ló parí. Láàárín àwọn tó sanwó kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí, nǹkan bíi 46 nínú 100 ló parí. Owó ń mú èèyàn jókòó, síbẹ̀ ó ju ìdajì lọ tó já sọ́nà.

Nítorí náà, ẹ máa pè wọ́n. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá wà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ohun tí wọ́n rán, kí ẹ tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Bùbá tí akẹ́kọ̀ọ́ rán tó sì wọ̀ lọ sí òde ló ń pe akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wá.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìpolówó ṣáájú torí òun ló yá jù. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ èèyàn bíi 5 tí ẹ mọ̀, lówó pọ́ọ́kú, títí wọn ó fi rán aṣọ tó ṣeé wọ̀ jáde. Ẹ kọ ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè jù sílẹ̀: ọ̀kan nínú rẹ̀ á di ọjà kékeré, òmíràn á di fídíò ọ̀fẹ́. Ìgbà tí èyí bá wà nílẹ̀ tán ni kí ẹ tó náwó lórí ìpolówó, torí ẹni tó bá tẹ lìǹkì yín nígbà náà á rí nǹkan bá níbẹ̀.