Oúnjẹ Ilé Ẹ̀kọ́: Ẹ Bi Olùjẹ Kí Ẹ Tó Gbé Ìkòkò Ka Iná

Àwọn baba wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yé bí olùkọ́ tí ń fi ìṣirò kọ́ ọmọ tí ebi ń pa. Nítorí náà ni inú wa fi dùn nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tún ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ní ọdún 2012, tí ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta. Náírà 70 ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́.

Owó tí ó kéré tó báyìí kò yẹ kí ó ṣòfò. Oúnjẹ tí a bù fún ọmọ tí ọmọ kò jẹ, àkìtàn ni owó rẹ̀ bọ́ sí, ebi náà kò sì kúrò. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun wa kò dọ́gba. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni ti Ìbàdàn, iyán ni ti Èkìtì, ìkọ́kọrẹ́ ni ti Ìjẹ̀bú, láfún ni ti Ẹ̀gbá, pupuru sì ni ti Ìlàjẹ. Ìwé ètò oúnjẹ kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo wọn mu.

Àwọn kan yóò wí pé adùn nìkan ni ọmọdé mọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní kí á fi ìkòkò lé ọmọdé lọ́wọ́. Ẹ̀wà ń mú ara ọmọ dàgbà. Bí ọmọ bá kọ ẹ̀wà sísè, ẹ fi ẹ̀wà kan náà ṣe mọ́ínmọ́ín, àkàrà tàbí èkuru fún un. Ìrísí rẹ̀ ni ó yí padà, oore tí ó ń ṣe fún ara kò yí padà. Ẹ sì béèrè èèwọ̀ ilé àti ti ẹ̀sìn, àti ohun tí ara ọmọ kò gbà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Nígbà tí àwọn ọmọ bá jẹun tán, ẹ wo inú abọ́. Ẹ kọ ohun tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi han alásè àti aláṣẹ. Abọ́ kì í purọ́. Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ìbáà wà, kí ẹ tó fi oúnjẹ ọmọ yangàn níwájú èrò, ẹ kọ́kọ́ lọ wo abọ́ náà. Ohun tí ó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú.