Ipasẹ̀ Èròjà Òkùnkùn Nínú Ìtànṣán Òfurufú

Bí ènìyàn bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ní gbangba ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù, múọ́ọ̀nù bí ẹyọ kan ni yóò gba ojú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ìtànṣán tí ó forí sọ afẹ́fẹ́ òkè ni ó bí i. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó bá wọn rìn kì í dé ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ AMS-02 fi wà lójú òfurufú láti ọdún 2011.

Èròjà òkùnkùn tó ìlọ́po márùn-ún èròjà tí ojú mọ̀, ṣùgbọ́n kì í tan ìmọ́lẹ̀. Bí ẹyọ méjì rẹ̀ bá kọlu ara wọn tí wọ́n sì pòórá, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde pẹ̀lú pọ́sítírọ́ọ̀nù, òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ tí ń lo ẹ̀rọ PAMELA kéde pé pọ́sítírọ́ọ̀nù alágbára pọ̀ ju bí a ti retí lọ. AMS-02 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2013.

Síbẹ̀, pọ́lúsà, òkú ìràwọ̀ tí ń yí bí òkòtó, lè tú wọn jáde pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan tí ó wà nítòsí ni, ó yẹ kí wọ́n pọ̀ díẹ̀ láti ìhà kan. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì hàn, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò dá pọ́lúsà láre, nítorí òòfà àárín ìràwọ̀ máa ń da ọ̀nà wọn rú.

Èéfín ti rú. Ẹni tí ó dá iná náà ni ìwádìí ṣì ń wá.