Alumíníọ̀mù Nínú Ilé Ìdáná Wa

Ẹ̀yin ará, ekukáká ni a fi lè wọ ilé ìdáná kan ní Mọníyà tàbí Ẹgbẹ́dá kí a má bá ìkòkò alumíníọ̀mù níbẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ súnmọ́ ìdámẹ́ta ti irin dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dípẹtà, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ tín-ín-rín a bò ó. Láti 1886, tí Hall ará Amẹ́ríkà àti Héroult ará Faransé ti fi iná mànàmáná yọ ọ́ láti inú erùpẹ̀ rẹ̀, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni ó fi ń yọ́, nígbà tí irin dúdú ń fẹ́ ju 1,500 lọ. Nítorí náà ni eédú àti ẹwìrì fi tó alágbẹ̀dẹ láti yọ́ àjákù ẹ́ńjìnnì, kí ó sì dà á sínú iyanrìn tí ó ti mọ ní àwòrán ìkòkò. Iṣẹ́ rere ni, a kò bú u. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú àjákù? Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2014 lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù bá òjé nínú wọn, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí alágbẹ̀dẹ ṣa ohun tí ó ní òjé kúrò kí ó tó dáná. Kí ẹ̀yin ìyá má sì jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì, tí ó kan, sùn mọ́ inú rẹ̀.