Kẹ́ ẹ tó ra àmù tuntun: Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ẹbu ìkòkò tó yẹ kẹ́ ẹ yà sí

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń mu omi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà. Ẹ̀yin náà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe wá. Fíríìjì ilé ẹlòmíì ti di ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àmù tá a ti lé jáde fi tún ń padà bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n níbo la ti fẹ́ rà á? Báwo la sì ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tójú èmi fúnra mi rí bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mò ń ti òde ìnáwó kan bọ̀, mo bá rí ìkòkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa àti funfun kùn ún, ó ń dán yinrin bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mi ò bi ẹni tó ń tà á pé ta ló mọ ọ́n, mi ò fi ọwọ́ kàn án kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo sanwó, mo gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ìyá mi lábúlé, lápá Lálùpọn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá mi ránṣẹ́ sí mi pé omi inú rẹ̀ ń rùn bí ọ̀dà, kò sì tutù rárá. Kó tó pé oṣù kan, ìdí rẹ̀ ti sán, omi ti ṣàn kúnlẹ̀. Wọn ò bá mi jà o. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú nìkan lo fi ra ìkòkò ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Àtìgbà náà ni mo ti ń yà sí ẹbu fúnra mi nígbàkígbà tí mo bá rìnrìn àjò, ohun tí mo sì rí kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

NÍBO NI ẸBU WÀ?

Ẹbu ni ibi tí àwọn amọ̀kòkò ti ń ṣiṣẹ́. Fún àwa tá a wà ní agbègbè Ìbàdàn, ọ̀kan tí kò jìnnà sí wa nínú àwọn ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ni Ìpetumodù, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ ó gba ọ̀nà Ifẹ̀, ẹ ó kọjá Ẹgbẹ́dá, ẹ ó kọjá Ìkirè, kẹ́ ẹ tó wọ Ilé-Ifẹ̀ lẹ ó bá a. Bí ẹbí tàbí ìnáwó bá gbé yín lọ sí Ìlọrin, ẹ béèrè àdúgbò Dada tàbí Òkèlele. Bó bá jẹ́ Èkìtì lẹ lọ, Ìsàn-Èkìtì náà ò kẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá lọmọ sì ti ń kọ́ ọ.

Kẹ́ni má rò pé iṣẹ́ òtòṣì ni o. Ẹ mú owó ₦20 jáde, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin tẹ́ ẹ rí tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti abúlé Kwali. Kékeré ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ẹbí rẹ̀, ọwọ́ lásán ló sì fi ń mọ ọ́n. Lọ́dún 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní ìlú tá a mọ̀ sí Suleja lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kó wá mọ ìkòkò lójú àwọn lọ́hùn-ún. Ọdún 1984 ló kú, lọ́dún 2007 ni wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ sára owó náà.

NǸKAN MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KẸ́ Ẹ WÒ

Èkínní, ẹ wo amọ̀ wọn. Ẹbu tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi amọ̀ pamọ́ fún àlejò. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n sá sóòrùn, èyí tí wọ́n rẹ sómi, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí tí wọ́n ń gún. Wọ́n á ti ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀. Òkúta kékeré tó bá ṣẹ́kù sínú amọ̀ lè sọ ìkòkò di ẹlẹ́yà nígbà tó bá dénú iná. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ fi ìka méjì pa á. Bó bá kúnná bí ẹ̀kọ tí wọ́n sẹ́ dáadáa, ọkàn yín á balẹ̀.

Ìkejì, ẹ béèrè nípa iná. Ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò wa ti ń sun ìkòkò, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi igi, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko gbígbẹ bò ó. Èyí tí iná dé ara rẹ̀ dáadáa máa ń dún bí agogo tẹ́ ẹ bá fi eegun ìka kàn án. Èyí tí kò jinná tàbí tó ti sán níbì kan, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹ gbé e sókè sójú oòrùn, kẹ́ ẹ fi ojú wá ibi tó là nínú àti lẹ́yìn, pàápàá ní ìdí àti ọrùn. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sí i fún yín, kẹ́ ẹ fi jókòó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bó bá kàn ń làágùn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ń jò tó-tó-tó, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìkẹta, ẹ wo ohun tí wọ́n fi pa á lára. Ibí yìí ni èmi ti ṣubú. Ìdí tí omi àmù fi ń tutù ni pé omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́, gbígbẹ tó ń gbẹ ló ń mú ooru kúrò lára omi tó kù nínú. Bẹ́ ẹ bá ti fi ọ̀dà dí gbogbo ara rẹ̀, kò lè mí mọ́. Àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin máa ń wọ́n omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú sè sára ìkòkò nígbà tó bá ṣì gbóná láti inú iná, òun ló ń jẹ́ kó dúdú, kó sì lẹ́wà. Ìyẹn ò jọ ọ̀dà ilé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìkòkò àti abọ́ tí wọ́n fi nǹkan dídán bíi gíláàsì bò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní glaze. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú, ṣùgbọ́n òjé máa ń wà nínú òmíì, bẹ́ ẹ bá sì se tòmátò tàbí nǹkan kíkan nínú rẹ̀, òjé náà lè yọ́ sínú oúnjẹ. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé kọ́kọ́ máa ń bá jà. Bí ẹni tó ń ta nǹkan dídán náà ò bá lè sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ má fi jẹun.

Ìkẹrin, ẹ wo ìrísí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí òṣùká tàbí lórí ilẹ̀ láìmì. Fún omi mímu, èyí tí ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀ jù ló dáa, kẹ́ ẹ sì gba ọmọrí tó bá a mu níbẹ̀. Ìsaasùn ọbẹ̀ ní tiẹ̀ lè fẹ̀ lẹ́nu. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe fún ìyá oníkòkò, torí èyí tí wọ́n mọ fún omi lè má lè dojú kọ iná àdògán.

Ìkarùn-ún, ẹ wo àwọn ènìyàn inú ẹbu. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ tó béèrè iye owó. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹbu tí wọ́n bá ti jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹni tó mọ ìkòkò, tí ẹni náà sì sọ fún yín láìfepobọyọ̀ pé, "Èyí ò dáa tó, ẹ mú tọ̀hún," ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ náà owó bí ọmọlúàbí. Ẹni tó wa amọ̀, tó tẹ̀ ẹ́, tó mọ ọ́n, tó sun ún, tí àwọn kan sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú iná, kò yẹ ká ná an bí ẹni ná ike.

BÓ BÁ JẸ́ PÉ Ẹ FẸ́ KỌ́ Ọ ŃKỌ́?

Àwọn òbí kan fẹ́ kí ọmọ wọn lọ fi ìsinmi kọ́ iṣẹ́ díẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan láìmú ọmọ dání, kẹ́ ẹ jókòó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ẹ béèrè pé ṣé ọmọ máa fọwọ́ kan amọ̀ fúnra rẹ̀, àbí ó kàn máa wòran. Ẹ béèrè iye ọjọ́, iye owó àti ẹni tó máa mójú tó o, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tí ọmọ bá mọ lónìí ò ṣeé sun lónìí, ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ́ nínú iná. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọmọ yín máa fi mọ ọ́n, tó máa fi sun ún, tó sì máa gbé e délé, ẹ tún béèrè dáadáa. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ọmọ jìnnà síná àti èéfín, pàápàá bó bá ní ikọ́ fée.

TẸ́ Ẹ BÁ GBÉ E DÉLÉ

Ẹ fọ̀ ọ́ láìfi ọṣẹ sí i, torí amọ̀ máa ń mu òórùn ọṣẹ. Ẹ rọ omi kún un di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ da omi náà nù, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìsaasùn ní tiẹ̀, ẹ fi epo pa inú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e ka iná tí kò le, kẹ́ ẹ máa fi kún iná náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí i nígbà tó bá gbóná.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù rèé o: omi tó tutù kọ́ ni omi tó mọ́. Àmù kì í pa kòkòrò àìsàn. Lẹ́yìn tí mo ra òmíràn tó dáa fún ìyá mi, ọmọ àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń yàgbẹ́ bí omi. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ò béèrè ibi tá a ti ra àmù. Ohun tó bi wá ni pé, "Kí lẹ fi ń bu omi inú rẹ̀?" A wo ara wa lójú. Ife kan náà ni tọmọdé tàgbà ń tì bọ inú àmù, tọwọ́ tọwọ́. Orí bá wa ṣe é, omi ORS àti oògùn zinc tí wọ́n fún un ràn án lọ́wọ́, ara rẹ̀ sì yá.

Nítorí náà, ẹ se omi kànga tàbí ti odò kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ sínú àmù. Ẹ ra ìbomi tó ní ọwọ́ gígùn, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, kẹ́ni kẹ́ni má ti ọwọ́ bọ inú omi. Ẹ dé e nígbà gbogbo. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi rẹ̀ nù, kẹ́ ẹ fi kànìnkànìn gbo inú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe tìtorí ìdọ̀tí nìkan. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú kiri fẹ́ràn láti yé ẹyin sára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ẹyin náà sì lè di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ bá ń gbo ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kẹ́ni kẹ́ni má sì sọ pé ìtọ́jú omi ò já mọ́ nǹkan. Sòbìyà tó fojú àwọn àgbẹ̀ wa rí màbo nígbà kan, asẹ́ omi àti omi tó dáa wà lára ohun tá a fi lé e lọ. Lọ́dún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí tòmátò àti ẹ̀fọ́ ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ tún lè ra ìkòkò méjì, ńlá kan, kékeré kan. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, kẹ́ ẹ kó iyanrìn sí àárín wọn, kẹ́ ẹ máa fi omi rin iyanrìn náà, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló gbé ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ lọ́dún 2000. Níbi tó ti dán an wò, ikàn tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lò tó ọjọ́ 27. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Jigawa, nítorí náà ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló máa wúlò fún wa jù níbí. Tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, agbára rẹ̀ á dínkù.

Àwọn àgbà ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹbu ni ìdí tiẹ̀ ti gbóná dáadáa, kó má jẹ́ inú ilé yín ni wàhálà rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún ń lọ sápá Ifẹ̀ tàbí Ìlọrin, ẹ má jẹ́ kí nǹkan dídán ẹ̀gbẹ́ títì tàn yín. Ẹ yà sí ẹbu, ẹ kí àwọn ìyá wa níbẹ̀, kẹ́ ẹ kan ìkòkò yín wò, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa ṣe jẹ́jẹ́ o.