Bí Ẹ̀rọ Ayára-bí-àṣá Ṣe Ń Hun Ohùn Dùùrù Olófèrè: Àgbéyẹ̀wò Ètò Aeolus

1.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ohùn rí. Nígbà tí atẹdùùrù bá fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn kan ṣoṣo ni etí ìjọ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohùn kéékèèké ló fara pamọ́ sínú ẹyọ ohùn náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, ìyẹn kọ̀ǹpútà, gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde láìsí fèrè, láìsí afẹ́fẹ́, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àwọn ohùn tó fara pamọ́ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ètò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ Aeolus ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Fons Adriaensen ni ó kọ ètò náà fún àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux. Kókó tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí ènìyàn gba ohùn sílẹ̀ àti kí ó mọ ohun tí a fi dá ohùn. Kókó yìí kan olùkọ́ orin, ó sì kan olùkọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú, nítorí pé ìmọ̀ kan náà ni a fi ń ṣàlàyé ohun tó mú fáwẹ̀lì kan yàtọ̀ sí èkejì.

2.0 Kí Ni Dùùrù Olófèrè?

Dùùrù olófèrè kì í ṣe ohun tuntun. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, Ctesibius, ará Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, ṣe irú rẹ̀ kan tó ń lo ìwúwo omi láti mú kí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ẹwìrì, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ ń lò, fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Lóde òní, ẹ̀rọ oníná ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ ẹwìrì.

Afẹ́fẹ́ yìí máa ń wà nínú àpótí kan tí àwọn ọ̀pá fèrè dúró lé lórí. Bí atẹdùùrù bá tẹ bọ́tìnnì, ojú ihò kan yóò ṣí, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ọ̀pá, ọ̀pá yóò sì dún. Oríṣi ọ̀pá méjì ló wà. Èkíní ni ọ̀pá ẹlẹ́nu, tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹnu tóóró rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò òfìfo. Èkejì ni ọ̀pá aláhọ́n, tí ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀.

Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kò ní ju ohùn kan lọ. Nítorí náà, bí àtẹ dùùrù bá ní bọ́tìnnì 61, ọ̀wọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo yóò ní ọ̀pá 61. Dùùrù ńlá a sì máa ní ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́, débi pé ọ̀pá inú rẹ̀ a máa tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Atẹdùùrù ni yóò yan ọ̀wọ́ tí yóò dún àti èyí tí yóò dákẹ́.

Gígùn ọ̀pá ni a fi ń pe orúkọ ọ̀wọ́. Nínú ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8, ọ̀pá tó gùn jù, tí a kò dí lórí, tó nǹkan bí mítà 2.4. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 65 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá gé ọ̀pá sí ìdajì, ìgbọ̀n náà yóò di ìlọ́po méjì, ohùn yóò sì lọ sókè. Ìdí nìyí tí bọ́tìnnì kan náà fi ń mú ìgbọ̀n 131 jáde láti inú ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4, tí ó sì ń mú 262 jáde láti inú ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 2.

3.0 Ohun Tó Wà Nínú Ẹyọ Ohùn Kan

Nígbà tí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 bá ń dún, ìgbọ̀n 65 nìkan kọ́ ló wà nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ni ohùn ìpìlẹ̀. Àwọn ohùn mìíràn ń tẹ̀ lé e: 131, 196, 262, 327, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ìlọ́po méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún ohùn ìpìlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí pè ní ohùn àtẹ̀lé. Etí kì í sábà yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe lágbára tó sí ara wọn ni ó ń fún ohùn ní àwọ̀, ìyẹn ohun tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé fèrè ló dún, pé kì í ṣe kàkàkí, bí ohùn àwọn méjèèjì tilẹ̀ ga dọ́gba.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Bí a bá dí orí ọ̀pá fèrè, ohùn rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, débi pé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 tí a dí yóò dún bí ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ohùn rẹ̀ kò ní jọ ti ọ̀pá tí a kò dí, nítorí pé àwọn ohùn àtẹ̀lé tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún àti méje ni yóò lágbára nínú rẹ̀. Ìlọ́po méjì àti mẹ́rin yóò rẹlẹ̀ púpọ̀.

Ìmọ̀ yìí ní ìtàn. Ní ọdún 1822, Joseph Fourier, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí ooru pé a lè tú ohunkóhun tó ń yí po lọ́nà kan náà sí àwọn ìgbì kéékèèké tí kò díjú. Ní ọdún 1863, Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, lo irú ìmọ̀ yìí fún ohùn orin. Ó tún fi àwọn irin olóhùn tí iná mànàmáná ń gbọ̀n ṣe àpapọ̀ ohùn tó jọ fáwẹ̀lì ènìyàn.

Síbẹ̀, àwọn tó ń kan dùùrù ti ń lo ọgbọ́n náà tipẹ́ kí Fourier tó dáyé. Wọ́n ṣe ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 2⅔, èyí tó ń kọ ìlọ́po mẹ́ta ohùn ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8. Bí atẹdùùrù bá pa á pọ̀ mọ́ ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8, kì í dà bí ohùn méjì létí. Ohùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà ni. Laurens Hammond, ará Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n yìí wọ inú ẹ̀rọ oníná nígbà tí ó gbé dùùrù rẹ̀ jáde ní ọdún 1935. Kò sí ọ̀pá nínú rẹ̀. Àgbá irin kéékèèké tó ń yí ló ń pèsè ohùn, atẹdùùrù a sì fa ọ̀pá ìfà mẹ́sàn-án láti pinnu bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe lágbára tó.

4.0 Ìgbàsílẹ̀ àti Ìhunpọ̀

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni kọ̀ǹpútà ń gbà fara wé dùùrù olófèrè. Ọ̀nà kìíní ni ìgbàsílẹ̀. Àwọn amọ̀ṣẹ́ yóò gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí dùùrù wà, wọn yóò sì gba ohùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà yóò mú jáde. Báyìí ni Hauptwerk, tó jẹ́ títà, àti GrandOrgue, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohùn wọn a máa jọ ti ojúlówó gan-an, ṣùgbọ́n dùùrù tó tóbi lọ́nà yìí a máa gba àyè púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà kejì ni ìhunpọ̀, òun sì ni Aeolus ń lò. Kò sí ohùn ọ̀pá kankan tí a gbà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìṣirò ló fi ń hun ohùn, bí aláṣọ òfì ṣe ń to òwú lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi di aṣọ. A lè fi ọ̀nà kìíní wé ẹni tó há ewì sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Yóò kì í dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní lè fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀nà kejì dà bí ẹni tó mọ ìlànà ewì. Ó lè máà dùn tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè dá tirẹ̀.

5.0 Bí Aeolus Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Fún ọ̀wọ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, Aeolus ní àkọsílẹ̀ tó ń sọ bí ohùn ìpìlẹ̀ àti àwọn ohùn àtẹ̀lé ṣe lágbára tó. Àkọsílẹ̀ yìí kò dúró sójú kan, nítorí pé ọ̀pá gígùn àti ọ̀pá kúkúrú inú ọ̀wọ́ kan náà kì í ní àwọ̀ kan náà. Ẹni tó ṣe ọ̀wọ́ náà yóò fi iye sí àwọn ojúkò díẹ̀ lórí àtẹ, kọ̀ǹpútà yóò sì ṣírò ti àwọn bọ́tìnnì tó wà láàárín wọn.

Ohun kejì ni ìbẹ̀rẹ̀ ohùn. Ọ̀pá fèrè kì í dún lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ ní láti kọ́kọ́ rọ́nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí, àwọn ohùn àtẹ̀lé kan a máa yọ ṣáájú àwọn mìíràn. Aeolus fi àyè sílẹ̀ láti pinnu àkókò tí ohùn àtẹ̀lé kọ̀ọ̀kan yóò fi dìde. Bí a bá yọ èyí kúrò, ohùn náà yóò gán bí ti agogo ìlẹ̀kùn oníná.

Ohun kẹta ni àìpé. Nínú dùùrù gidi, ọ̀pá méjì kì í bára mu délẹ̀délẹ̀, afẹ́fẹ́ pàápàá a sì máa mì díẹ̀díẹ̀. Aeolus mọ̀ọ́mọ̀ fi irú ìyàtọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò rẹ̀, nítorí pé ohun tó bá pé jù a máa sú etí.

Ohun kẹrin ni ìtúnṣe ohùn. Láyé àtijọ́, onírúurú ìlànà ni wọ́n fi ń pín àlàfo àárín ohùn orin. Kí a tó lè yí ìlànà dùùrù gidi padà, òṣìṣẹ́ ní láti fọwọ́ kan àwọn ọ̀pá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú Aeolus, ènìyàn yóò yan ìlànà tó wù ú, kọ̀ǹpútà yóò sì tún gbogbo ọ̀wọ́ ṣírò láàárín ìgbà díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà sì lè ka ìlànà tí a fi kọ ọ́, kí ó sì tún un ṣe.

6.0 Ohun Tó Kan Olùkọ́ Yorùbá

Nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa há a sórí pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló wà, pé fáwẹ̀lì àìránmúpè sì jẹ́ méje. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ohun tó mú kí "bí" àti "bá" yàtọ̀ létí nígbà tí ohùn òkè wà lórí méjèèjì, ìdáhùn wà nínú ohun tí a ti ṣàlàyé lókè yìí. Ohùn òkè jẹ mọ́ ìgbọ̀n ohùn ìpìlẹ̀. Fáwẹ̀lì jẹ mọ́ agbára àwọn ohùn àtẹ̀lé. Bí ẹnu bá ṣí fún /a/, àwọn ohùn àtẹ̀lé tó wà ní nǹkan bí 700 sí 1,300 ni yóò lágbára. Bí ahọ́n bá gòkè síwájú fún /i/, èyí tó wà ní nǹkan bí 300 àti àwọn tó ju 2,000 lọ ni yóò yọ. Ẹnu ènìyàn ni ó ń yan ohùn àtẹ̀lé, bí atẹdùùrù ṣe ń yan ọ̀wọ́ ọ̀pá.

Olùkọ́ lè fi èyí han kíláàsì. Kí ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 nìkan, kí ó tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, kí ó wá máa fi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4, 2⅔ àti 2 kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di ohùn kan mú, kí wọ́n sì máa yí ẹnu láti /i/ dé /a/. Wọn yóò gbọ́ pé gíga ohùn kò yí padà, àwọ̀ rẹ̀ ni ó yí.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kan ogún orin Yorùbá. T. K. Ekundayo Phillips (1884–1969), tó jẹ́ atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, ni ó kọ Yoruba Music, ìwé tó jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fela Sowande (1905–1987) ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, kí ó tó di ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbà ní Royal College of Organists ní London ní 1943. Sowande kọ orin fún dùùrù olófèrè lórí ohùn orin Yorùbá. Oyigiyigi wà lára wọn. Irú orin báyìí ń fẹ́ dùùrù ọlọ́pọ̀ ọ̀wọ́, tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní irú rẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, orúkọ iṣẹ́ Sowande ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀, wọn kò ní mọ bí ó ṣe ń dún lábẹ́ ìka tiwọn. Kọ̀ǹpútà kan, àtẹ dùùrù tó ń lo ìlànà MIDI, èyí tó ti wà láti 1983, àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó dára tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

7.0 Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Kò yẹ kí a sọ pé Aeolus ti gba ipò dùùrù gidi. Ohùn ọ̀pá gígùn a máa mi ilẹ̀ àti àga. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìjọsìn ńlá fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan dùùrù, nítorí bí ohùn ṣe ń ta padà lára ògiri rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ dùùrù kan pàtó yóò rí i pé ọ̀nà ìgbàsílẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Ohun kan tún wà tí dùùrù olófèrè kò lè ṣe, ìbáà jẹ́ gidi, ìbáà jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Onígángan a máa fún awọ ìlù rẹ̀ mọ́ra, ohùn a sì yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ohùn ọ̀pá fèrè kì í yọ́ báyẹn. Ibi tí a kàn án sí ni ó ń wà. Nítorí náà, dùùrù lè gbé orin Yorùbá, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ bí ìlù.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohùn kan jẹ́ àpapọ̀ ọ̀pọ̀ ohùn, pé àwọn tó ń kan dùùrù ti mọ èyí tipẹ́, àti pé Aeolus ń fi ìṣirò ṣe ohun tí ọ̀pá àti afẹ́fẹ́ ń ṣe. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè pa ohùn mọ́ fún ènìyàn. Kò lè sọ ohun tí a fi dá a. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tó bá mọ ohun tí a fi dá ohùn yóò lè ṣàlàyé dùùrù fún kíláàsì orin lówùúrọ̀, yóò sì lè ṣàlàyé fáwẹ̀lì fún kíláàsì Yorùbá lọ́sàn-án, láìyí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà.