Àkàrà tí mo fẹ́ràn jù kò wù mí jẹ mọ́, ni ìyá alákàrà bá ní kí n wá sọ ohun tóun ṣe fún mi

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àkàrà ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà láàárín èmi àti ìyá kan tó ti ń dín àkàrà ní Agosasa kí wọ́n tó bí mi.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá la wà, ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò jìnnà sí wa. Kí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárọ̀, ìyá yìí á ti gbé agbada kaná. Á ti rẹ ẹ̀wà, á ti bó o, á ti lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo àti àlùbọ́sà, á wá máa pò ó títí tí yóò fi fúyẹ́ bí òwú. Àkàrà mẹ́fà pẹ̀lú ògì gbígbóná ni tèmi. Lọ́jọ́ tí n kò bá rí i jẹ, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀.

Àkàrà kì í ṣe oúnjẹ kékeré o. Ata ni àwọn Fọ̀n lọ́nà Kútọnu ń pè é, ẹ má bi mí léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ata gan-an. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Bahia ní Brazil, acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Lọ́dún 2005, ìjọba Brazil forúkọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè wọn. Kódà àwọn ará gúúsù India ní èyí tó jọ ọ́, vada lorúkọ ẹ̀, àfi pé wọ́n máa ń dá ihò sí tiwọn láàárín.

Rédíò ló bá tèmi jẹ́. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos káàkiri ọjà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn kan máa ń da oògùn yìí sára ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, àti pé torí ẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa lọ́dún 2015. Oògùn tí à ń fín sí aáyán! Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbé àkàrà súnmọ́ ẹnu, òórùn oògùn nimú mi ń gbọ́. Bóyá ó wà níbẹ̀ ni o, bóyá ọkàn mi ló ń tàn mí ni o, ẹnu mi ṣáà kọ̀ ọ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá tó tó bí mi? Irọ́ ni mo pa. Mo ní dókítà ní kí n jìnnà sí òróró. Ó bá mi kẹ́dùn, ó ṣàdúrà fún mi.

Ìgbà tó di 2024, ọ̀wọ́n gógó wọ ẹ̀wà. Kílò kan tí kò tó 1,000 náírà lóṣù kẹwàá ọdún 2023 ti ju 2,500 lọ nígbà tí ọdún máa fi yípo, gẹ́gẹ́ bí ìwé àjọ NBS ṣe wí. Àkàrà kéré, oníbàárà sá. Ìyá ń jókòó ti agbada di ọ̀sán. Àsìkò yẹn ló wá ká mi mọ́ ìdí agbada ẹlòmíì, dùńdú wà lẹ́nu mi.

"Bàbá ìbejì, ṣé omi ni wọ́n fi dín dùńdú yẹn ni?"

Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ ò lanu. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi. Kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé pé ó ti kéré ni?" Omi ti lé sí i lójú. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́.

Mo rò pé ó máa bú mi ni. Ó kàn fà mí lọ́wọ́ lọ sílé ẹ̀, ó bu ẹ̀wà sínú àtẹ. Kòkòrò ń rìn lára ẹ̀. "Èyí ni mò ń rà. Ẹ̀wà tí kòkòrò ò bá lè jẹ, kí lèmi fẹ́ jẹ nínú ẹ̀?" Ó ní òun á fẹ́ ẹ, òun á ṣà á, èyí tó bá sì bà jẹ́ jù, àdánù òun nìyẹn.

Mo sọ fún un nípa àwọn àpò onípele mẹ́ta kan báyìí: bí wọ́n bá di ẹnu ẹ̀ dáadáa, atẹ́gùn ò ní wọlé, kòkòrò inú ẹ̀ á sì kú láìsí oògùn kankan. Ó ní èló? Mo ní màá wádìí.

Ó dín àkàrà gbígbóná fún mi lọ́jọ́ náà. Mo jẹ ẹyọ kan, ó dùn. Mo mú ìkejì, kò lọ. Ìyá ń wò mí. Ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó ka mẹ́rin mọ́ ọn sínú bébà, ó ní kí n gbé e fún àwọn ìbejì, kí n má san kọ́bọ̀. Mo san án.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún dúró níwájú agbada ẹ̀. Ẹyọ kan náà ni mo rà.