Ìjókòó Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Tó Ṣeé Gbé Sókè, Tó Ṣeé Sọ̀ Kalẹ̀

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tómi bá fà, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì a máa gbá iyanrìn àti kùkùté. Bó bá ṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà, inú ọkọ̀ lẹja máa bàjẹ́ sí.

Àwọn kan máa ń dá ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Ìyẹn dára láti fi kọjá ibi kúkúrú, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ kò ní ti omi sẹ́yìn tààrà mọ́; epo á ṣòfò, ìdí ọkọ̀ á rì. Ìjókòó tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè ní ìnàró ló dáa jù.

ÌWỌ̀N TÓ YẸ

Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè abẹ̀bẹ̀. Ibi tí irin yìí bá ti bá abẹ́ ọkọ̀ dọ́gba lẹ ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Láti ibi tí ẹ́ńjìnnì fi kọ́ pákó dé irin yìí, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tó bí ínṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó bí ínṣì 20. Ẹ wọn tiyín kí káfíńtà tó gé igi.

BÍ Ẹ Ó ṢE ṢE É

1. Ẹ ní kí wẹ́dà gé irin oníkòtò méjì. Ẹ nà wọ́n ró sí ìdí ọkọ̀, kí kòtò wọn kọjú síra. Ẹ fi igi sáàárín irin àti ọkọ̀, kí ọwọ́ skúrù ẹ́ńjìnnì lè ráàyè yí.
2. Ẹ ki pákó ìrókò tó nípọn tó ínṣì 1½ sí 2 sínú kòtò méjèèjì. Òun ni ẹ́ńjìnnì máa jókòó lé.
3. Ẹ lu ihò sára irin ní ínṣì méjì-méjì, kí ẹ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ pákó. Ọ̀pá irin kékeré ni ẹ ó fi há a. Ẹ fokùn so ó kó má bọ́ sómi.
4. Bóòtì àti wáṣà fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìṣó. Ẹ fi ọ̀dà dí ihò. Bí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́lẹ́, ẹ fi igi tì í nínú.
5. Ẹ fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ pákó. Bí irin bá já, ẹ́ńjìnnì ò ní rì.

BÍ Ẹ Ó ṢE LÒ Ó

Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì 15 ju kìlógíráàmù 35 lọ, ẹ má dá gbé e. Ẹ kan ìkọ́ irin mọ́ pákó, ẹ ki orí igi gígùn sábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé igi náà lé etí ìdí ọkọ̀. Ẹnì kan á tẹ igi mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á ki ọ̀pá irin bọ ihò.

Lójú omi tó fà, ẹ gbé e sókè ní ihò kan. Níbi tí ìgbì pọ̀, tí ọkọ̀ sì ṣófo, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o! Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ ò sáré, atẹ́gùn ló ń fà. Bí omi tó ń tú jáde lára rẹ̀ bá dá, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru á jó o. Owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ fi ẹrù dán an wò létí omi kẹ́ ẹ tó gbà á lọ sọ́jà. Bí ohun kan ò bá yé yín, ẹ pe òṣìṣẹ́ wa tó wà lágbègbè yín.